Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Pe Ẹjọ́: Èdè, Òfin àti Ìwà Ipá Láàárín Ọkọ àti Aya



1. Ìfáárà

Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi; n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Bí mo bá wá dá ọ̀rọ̀ òfin sílẹ̀ níwájú yín, ìdí rẹ̀ ni pé èdè ni òfin fi ń ṣiṣẹ́. Kí adájọ́ tó lè dá ẹjọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ti kọ ìròyìn náà sílẹ̀, ẹni tí ó sì kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ti fún un ní orúkọ. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé, nínú ẹjọ́ ìwà ipá láàárín ọkọ àti aya, orúkọ àkọ́kọ́ yìí ni ó sábà máa ń pinnu ibi tí ẹjọ́ yóò já sí. Nítorí náà, ojúṣe kìn-ín-ní tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó bá ń gbèjà ẹni tí a ṣe léṣe ni láti rí i pé orúkọ náà bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ènìyàn díẹ̀. Nínú ìwádìí ìjọba lórí ìlera àti iye ènìyàn tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018, obìnrin 31 nínú 100, láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49, ni ó sọ pé ẹnì kan ti lu òun tàbí fi ọwọ́ ipá kan òun láti ìgbà tí òun ti pé ọmọ ọdún 15. Ju ìdajì àwọn tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ti jẹ lọ ni kò wá ìrànlọ́wọ́ rárá. Àwọn tí ó wá a, ẹbí tiwọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sá tọ̀. Òótọ́ ni pé a máa ń rí ọkọ tí aya ń lù, àwọn òfin tí n óò mẹ́nu bà sì dáàbò bo tọkùnrin tobìnrin. Ṣùgbọ́n obìnrin ni ìyà yìí ń jẹ jù, òun náà sì ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

2. Ìjà àti ìbáwí

Bí obìnrin bá gbé ojú wíwú dé àgọ́ ọlọ́pàá, ìbéèrè tí ó sábà máa ń pàdé ni pé, “Kí ni ó fa ìjà yín?” Ìbéèrè náà dà bí èyí tí kò ní ibi nínú, ṣùgbọ́n ó ti dá ẹjọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ìjà gba ènìyàn méjì. Ẹni tí ó bá jà ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi. Ohun tí a sì ń ṣe sí ìjà ni pé kí a parí rẹ̀. Báyìí ni ẹni tí ó wá fi ẹjọ́ sùn ṣe ń di ẹni tí a ń pẹ̀tù sí nínú, tí a sì ń sìn padà sí ilé tí ó ti sá wá.

Àwọn àgbà a máa ní ahọ́n àti eyín pàápàá a máa jà. Òwe tí a fi ń tu tọkọtaya nínú ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo òwe náà dáadáa, a óò rí i pé eyín ni ó ń gé ahọ́n jẹ. A kò tí ì rí ọjọ́ tí ahọ́n bu eyín jẹ. Òwe kan náà tí ó ń pe àwọn méjèèjì síbi ìrẹ́pọ̀ ti fi ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ hàn wá.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ìbáwí. Òfin Penal Code, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àríwá Nàìjíríà ní 1960, tí ó sì mú àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà mọ́ra, sọ ní abala 55 pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí ọkọ bá na aya rẹ̀ láti bá a wí, níwọ̀n ìgbà tí àṣà àwọn méjèèjì bá fara mọ́ irú ìbáwí bẹ́ẹ̀, tí ọgbẹ́ náà kò sì di ọgbẹ́ ńlá. Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní èdè tiwa. ‘Bá’ àti ‘wí’ ni ó di ‘bá wí’: kí ènìyàn jókòó ti ẹnì kejì, kí ó sì bá a sọ̀rọ̀. Kò sí pàṣán nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá wá na aya rẹ̀ tí ó ní òun bá a wí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnu, ó sì ti gbé e fún ọwọ́.

Ní Gúúsù, òfin Criminal Code tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1916 kò fún ọkọ ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Abala 355 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lélẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lu ènìyàn tí ó sì ṣe é léṣe, kò sì yọ ọkọ sílẹ̀. Síbẹ̀, òfin tí kò yọ ọkọ sílẹ̀ kò dárúkọ rẹ̀, ẹni tí ó ń kọ ìwé ẹ̀sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá sì lè pe ọ̀ràn náà ní ọ̀rọ̀ inú ilé, kí ó pa ìwé rẹ̀ dé.

3. Ọ̀nà méjì tí ó wà tẹ́lẹ̀

Kí àwọn òfin tuntun tó dé, ọ̀nà méjì ni òfin fi síwájú aya tí ọkọ ń lù: kí ọkọ lọ sẹ́wọ̀n, tàbí kí ìgbéyàwó tú ká. Kì í ṣe pé àwọn ìyá wa kò mọ ọ̀nà ilé-ẹjọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, obìnrin púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó lọ gba ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, tí wọ́n sì dá owó orí padà. Ní ti ìgbéyàwó alárédè, òfin Matrimonial Causes Act ti 1970 gbà pé kí a tú u ká bí ìwà ọkọ bá burú dé ibi tí kò yẹ kí aya tún fara dà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń to irú ìwà bẹ́ẹ̀, ó mẹ́nu ba ọkọ tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, láàárín ọdún kan sí ìgbà tí a pẹjọ́, pé ó gbìyànjú láti pa aya rẹ̀ tàbí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é léṣe ńlá. Ẹ wo bí ọ̀nà náà ti há tó.

A kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Òwe yìí ni ó ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń san owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ, tí ó mọ̀ pé dálémọṣú ni wọn yóò máa pe òun bí òun bá padà sílé bàbá òun, kò fẹ́ ẹ̀wọ̀n, kò sì fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀. Ó fẹ́ kí lílù náà dópin. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí ilẹ̀kùn kan nínú òfin wa tí a kọ ìyẹn sí lára.

4. Àṣẹ ààbò

Ilẹ̀kùn náà ni àṣẹ ààbò. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan ní 1976 tí ó fún adájọ́ ní agbára láti lé ọkọ tí ń lu aya jáde nínú ilé láìtú ìgbéyàwó ká. Gúúsù Áfíríkà ṣe tirẹ̀ ní 1998. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ààbò lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé ní 2007, Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni òfin VAPP ti ìjọba àpapọ̀ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ fún Àbújá. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní láti ṣe tirẹ̀.

Abala 19 òfin VAPP sọ pé ẹni tí ó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ yóò lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju 200,000 náírà lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ fiyè sí i pé ọdún 3 yìí kan náà ni Criminal Code ti sọ. Òfin tuntun kò fi kún ìjìyà. Orúkọ ni ó fi kún un. Lílu ọkọ tàbí aya di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní abala tirẹ̀, ọlọ́pàá kò sì tún lè sọ pé òun kò rí ibi tí a kọ ọ́ sí.

Ní ti àṣẹ ààbò gan-an, ẹni tí a ṣe léṣe lè béèrè fún un fúnra rẹ̀. Bí ó bá fọwọ́ sí i, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ìlera, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re lè béèrè fún un ní orúkọ rẹ̀. Bí ẹ̀rí bá wà pé ewu náà kò lè dúró, adájọ́ lè kọ́kọ́ fi àṣẹ onígbà díẹ̀ sílẹ̀ kí a tó gbọ́ tẹnu ẹnì kejì, lẹ́yìn náà ni yóò dá ọjọ́ tí àwọn méjèèjì yóò fara hàn. Àṣẹ náà lè ní kí ọkọ má ṣe wọ ilé, kí ó má ṣe dé ibi iṣẹ́ aya, kí ọlọ́pàá sì tẹ̀ lé aya lọ kó ẹrù rẹ̀. Bí ọkọ bá rú àṣẹ náà, wọ́n lè mú un. Ìgbéyàwó kò tú. Ọwọ́ ni a dè. Ẹni tí ó bá sì bẹ̀rù pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́, kí ó rántí pé ẹni tí ó bá wà láàyè ni ó lè ṣọ̀rẹ́.

5. Iṣẹ́ ẹni tí ń gbèjà

Òfin kò lè rìn fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA, ti wà ní Nàìjíríà láti 1964. Project Alert bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Ìjọba Èkó dá ikọ̀ tirẹ̀ lórí ìwà ipá nínú ilé sílẹ̀ ní 2014, wọ́n sì fi òfin sọ ọ́ di àjọ ní 2021. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí a tó dé iwájú adájọ́, iṣẹ́ èdè sì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu ẹni tí ìyà ti jẹ pẹ́ ni “Ó máa ń lù mí.” ‘Máa ń’ sọ ìyà ọdún púpọ̀ di àṣà, kò ní ọjọ́, kò ní ibi. Ilé-ẹjọ́ kò lè fi ‘máa ń’ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tí ń gbèjà ni yóò fi sùúrù bi í títí yóò fi sọ pé, “Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé tí ó ṣáájú ìgbà tí àwọn ọmọ wọlé ìwé, ó fi bẹ́líìtì nà mí lẹ́yìn; ọmọ wa àgbà wà níbẹ̀; mo lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ kejì.” Èyí ti di ẹ̀rí, nítorí ó ní ọjọ́, ó ní ohun èlò, ó ní ẹlẹ́rìí, ó sì ní ìwé dókítà tí a lè wá lọ.

Ewu mìíràn tún wà nínú àdàpè. Ìtìjú a máa mú kí ènìyàn sọ pé “Ó nawọ́ sí mi.” Gbogbo Yorùbá ni ó mọ̀ pé lílù ni. Ṣùgbọ́n bí ògbufọ̀ kóòtù bá tú u ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ohun tí a óò kọ sílẹ̀ fún adájọ́ ni pé ọkùnrin kan na apá rẹ̀ jáde.

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni ó ń kú nítorí pé olùfisùn padà lẹ́yìn rẹ̀. Abala 182 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 sọ pé nínú ẹjọ́ ipá láàárín tọkọtaya, a lè pe ẹnì kejì, kí a sì mú un ní dandan láti jẹ́rìí. Agbára yìí dára, ṣùgbọ́n ahọ́n tí a fipá mú kì í sọ̀rọ̀ já gaara. Ó sàn kí a ti kó ẹ̀rí aládùúgbò àti ti dókítà jọ, kí ẹjọ́ má baà gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé ẹni tí ó ń bẹ̀rù.

Ní 2018, kóòtù ECOWAS gbọ́ ẹjọ́ obìnrin kan tí ó fi Nàìjíríà sùn lórí irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀. Kóòtù náà kò dá ìjọba lẹ́bi lórí ìpalára náà fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n dá a lẹ́bi lé lórí ni pé wọ́n kò fún obìnrin náà láyè kí a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n sì ní kí ìjọba san 15,000,000 náírà fún un. Ìdájọ́ yìí fi yé wa pé àìgbọ́ ẹjọ́ pàápàá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá dúró.

6. Ìgúnlẹ̀

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú lọ. Èkíní, kí a túmọ̀ àwọn òfin wọ̀nyí sí Yorùbá tí ó yé ará ọjà, kí a sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri ọsibítù àti àgọ́ ọlọ́pàá. Èkejì, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè bíi tiwa kọ́ àwọn ògbufọ̀ kóòtù ní ìtumọ̀ àdàpè. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tí wọ́n bá pè láti parí ìjà tọkọtaya kọ́kọ́ béèrè bóyá ìjà ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń lù, tí ẹnì kejì ń jìyà, kí a má ṣe pè é ní ìjà. Kí a pè é ní orúkọ rẹ̀, kí a sì mú ẹni náà lọ síbi tí wọn yóò ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.