Àwọn Tí Ń Kọ́ Ìsọ̀ Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Iṣẹ́ kan tí ojú kì í sábà rí ni mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún yín: iṣẹ́ àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọn tí ń ṣe irinṣẹ́ tí ọlọ́jà fi ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ni à ń pè ní ètò kọ̀ǹpútà? Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni, tí a kọ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Bí ìyá bá rán ọmọ lọ ra iyọ̀, tí ó gbàgbé láti sọ pé kí ó gba ṣéńjì bọ̀, ọmọ tí ó gbọ́n yóò gba ṣéńjì náà. Ètò kọ̀ǹpútà kò ní gbà á, àfi bí a bá kọ ọ́ sínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń kọ ètò gbọ́dọ̀ ro gbogbo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí a ó ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn èdè tí a dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, bíi Python, JavaScript àti Ruby, ni ó fi ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnì kan tí iṣẹ́ yìí yọrí sí rere fún. Tobias Lütke ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Koblenz ní ilẹ̀ Jámánì. Kò lọ sí yunifásítì. Lẹ́yìn kíláàsì kẹwàá ni ó fi iléèwé sílẹ̀, tí ó lọ kọ́ṣẹ́ ètò kíkọ lọ́dọ̀ ọ̀gá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tiwa ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí káfíńtà. Nígbà tí ó yá, ó ṣí lọ sí Kánádà. Ní 2004, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Scott Lake, bẹ̀rẹ̀ òwò pákó pẹlẹbẹ kan tí àwọn ará ilẹ̀ òtútù máa ń dúró lé, tí wọ́n fi ń yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè tí yìnyín bò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́ ti máa tà á. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ètò ìtajà tí Lütke rí nígbà náà, kò sí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ni ó bá jókòó, ó fi èdè Ruby kọ tirẹ̀.

Snowdevil ni wọ́n pe ìsọ̀ náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́jà mìíràn fi ń wá wọn wá. Kì í ṣe nítorí pákó, bí kò ṣe nítorí ètò tí a fi ń ta pákó. Ní 2006, wọ́n sọ ètò náà gan-an di ọjà, wọ́n pè é ní Shopify. Lónìí, àwọn oníṣòwò ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 170 ń lò ó. Ẹni ọ̀ràn kàn ni ó mọ̀: òun fúnra rẹ̀ ti pàtẹ rí kí ó tó ṣe irinṣẹ́ fún apàtẹ.

Nílẹ̀ wa náà, Shola Akinlade àti Ezra Olubi, tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Babcock University ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ, dá Paystack sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, kí ó lè rọrùn fún oníṣòwò láti gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2020, Stripe, ilé iṣẹ́ ìsanwó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kéde pé òun ń ra Paystack.

Kí ni ó wá le nínú iṣẹ́ náà? Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọjà, ẹni tí ń rà àti ẹni tí ń tà ń wo ojú ara wọn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò nìkan ni ó dúró láàárín wọn. Ẹ wo ohun mẹ́ta tí ó gbọ́dọ̀ ṣọ́.

Èkíní ni ìṣirò. Òdo àti oókan ni kọ̀ǹpútà fi ń ka nǹkan, ìdá owó a sì máa yí i lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní kí Python ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, yóò dáhùn pé 0.30000000000000004. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń ka owó ní kọ́bọ̀: ₦2,500 di 250,000 kọ́bọ̀, kò sì sí ìdá kankan nínú rẹ̀.

Èkejì ni àsanméjì. Ẹ jẹ́ kí a ní ìyá aládìrẹ kan wà ní Abẹ́òkúta. Oníbàárà rẹ̀ kan ní Ìbàdàn yan aṣọ, ó sì tẹ ibi tí a kọ “San owó” sí. Kí èsì tó dé, nẹ́tíwọ̀kì já. Ṣé owó ti lọ ni, àbí kò lọ? Oníbàárà kò mọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni tí ó kọ ètò kò bá ro èyí tẹ́lẹ̀, báńkì lè yọ owó lẹ́ẹ̀mejì, oníbàárà yóò sì pe ìyá náà ní olè, bẹ́ẹ̀ ni kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí nọ́ńbà kan náà bá tún dé, ètò kò ní gba owó mọ́. Èsì ti àkọ́kọ́ ni yóò tún fi ránṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni aṣọ tí ó kù ẹyọ kan. Nínú ọjà, ẹni tí ó kọ́kọ́ sanwó ni yóò gbé e lọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni méjì lè fẹ́ san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò gbọ́dọ̀ tò wọ́n sórí ìlà, kí ó sì sọ fún ẹnìkejì pé ọjà ti tán kí owó rẹ̀ tó jáde.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí iṣẹ́ yìí wù, ẹ fi kékeré bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ètò tí yóò ṣírò ṣéńjì. Bí ìyẹn bá ti mọ́ yín lára, ẹ kọ èyí tí yóò máa ka iye ọjà tí ó kù ní ìsọ̀ ìyá yín. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò bí ẹni tí ó fẹ́ bà á jẹ́: ẹ tẹ lẹ́tà síbi tí nọ́ńbà yẹ kí ó wà, ẹ ní kí ó ta ọjà tí ó ti tán. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ẹ sì tó kọ ohunkóhun fún ọlọ́jà, ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í ní ìsọ̀, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Owó tí yóò gba inú ètò yín kọjá, owó iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni.