Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: Bí wọ́n ṣe ń gbèrò ilé kékeré tí ọkọ̀ ń fà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí òwe yìí ti ń ṣiṣẹ́, kí ó wo àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi ọwọ́ ara wọn kan ilé kékeré tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń fà kiri. Bí a bá gbọ́ tírélà lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ gàgàrà tó ń kó sìmẹ́ńtì ló ń wá sí wa lọ́kàn. Èyí tí à ń wí kọ́ nìyẹn. Yàrá kan ṣoṣo ni, táyà méjì ló ní, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Èèyàn méjì lè sùn sínú rẹ̀. Ibi ìdáná wà lẹ́yìn, lábẹ́ ìdérí tí wọ́n ń gbé sókè bí ẹni ṣí búùtù mọ́tò. Nítorí pé iwájú rẹ̀ rí roboto, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọra ń fẹ́lẹ́ wálẹ̀, wọ́n fi ẹ̀kán omijé pè é.

Kì í ṣe ohun tuntun. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ni àwọn èèyàn ti ń kàn án. Lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, ó tún gbilẹ̀ sí i. Ní 1947, ìwé ìròyìn Mechanix Illustrated tẹ àwòrán àti ìwọ̀n rẹ̀ jáde, kí ẹni tó bá mọ ayùn lò lè kàn án fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe bí yóò ṣe lẹ́wà tó. Kí ni agbára ọkọ̀ mi? Ìwé tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ máa ń sọ iye kílò tó lè fà. Inú iye náà ni irin, pákó, fóòmù, ìkòkò àti omi gbọ́dọ̀ wà. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Ẹni tó bá gbé lítà ogójì ti di kílò ogójì rù mọ́tò.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n ilé fúnra rẹ̀. Plaiwúùdù tí wọ́n ń tà lọ́jà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, bí ó ṣe rí ní ìsọ̀ pákó lọ́dọ̀ wa náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn àti mẹ́rin ní gíga, kí pákó má baà ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin fún tọkọtaya há díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ márùn-ún yóò so pákó pọ̀, owó yóò lé, ẹrù náà yóò sì wúwo sí i. Ní ti gígùn, wọ́n máa ń jẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù yọ síwájú sókè ibi tí ẹsẹ̀ ẹni tó sùn wà, kí ibi ìdáná lè ráyè láì gba ibùsùn.

Ibi tí ẹ̀mí èèyàn wà gan-an ni ibi tí wọ́n ó ti so irin táyà. Nínú gbogbo ìwúwo ilé náà, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó tẹ ibi tí a ti so ó mọ́ ọkọ̀. Bí ilé náà bá jẹ́ 600 kílò, kílò 60 sí 90 nìyẹn. Bí iwájú bá fúyẹ́ jù, ilé náà yóò máa jù bí ìrù ajá bí eré bá ti pọ̀, ó sì lè gbé ọkọ̀ ṣubú. Bí iwájú bá wúwo jù, yóò tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀, táyà iwájú kò sì ní í di ilẹ̀ mú dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ ìwúwo ohun gbogbo sórí bébà, kí wẹ́dà tó tanná.

Ẹ jẹ́ ká tún wo omi àti afẹ́fẹ́. Òjò tó bá wọ etí páànù yóò jẹ pákó rà láìpẹ́. Èémí àwọn tó sùn náà ń di omi lára ògiri, nítorí náà fèrèsé tàbí ihò afẹ́fẹ́ kò ṣeé máà ní. Ìdáná gbọ́dọ̀ wà níta. Àwa tí a mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ṣe nínú yàrá títì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa. Wọ́n tún ń fi ṣéènì méjì so ó mọ́ ọkọ̀, kí ó má baà sá lọ bí ìdè bá já. Iná ẹ̀yìn àti iná bíréèkì kò sì gbọdọ̀ yẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá? Àgbẹ̀ tó fẹ́ kí wẹ́dà ṣe ọkọ̀ àfàlẹ́yìn tí yóò fi kó ẹ̀gẹ́ wálé, òfin ìwúwo kan náà ló ń dúró dè é lójú títì. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ojú pópó ohun tí òfin gbà, kí ó sì mọ ibi tí ẹrù yóò jókòó sí, kí ó tó ra irin.

Àwọn tó gbọ́n nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà kì í sáré gbé ayùn. Páálí ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé ní ìwọ̀n ilé náà gan-an, wọn a tò ó sílẹ̀, tọkọtaya a sì dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ wò. Bí ó bá há, páálí lásán ló bàjẹ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.