Máìlì àti Kìlómítà: Èwo Ni Awakọ̀ Ń Kà fún Yín?

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí.

Bí ọkọ̀ ẹrù yín bá dé Costain, ẹ ó gbọ́ tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ń ké “Mile 2! Mile 2!” Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ata àti tòmátì lọ sí Mile 12 náà mọ orúkọ yìí. Kí ni máìlì gan-an? Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ ogun wọn bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó gbé tòsì, wọ́n kà á sí ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni máìlì. Ní 1593, òfin Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ọ̀pá 1,760.

Ibùsọ̀ ni Yorùbá ń pè é, ìyẹn ibi tí a ti ń sọ ẹrù. Ẹni tó ru iṣu títí tó rẹ̀ ẹ́ yóò ní, “Ẹ sọ̀ mí o.” Ọrùn ẹni tó ru ẹrù ló kọ́kọ́ ń wọn ọ̀nà fún wa, kì í ṣe okùn.

Mítà 1,000 ni kìlómítà, àwọn Faransé ló gbé e jáde. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni Nàìjíríà yí sí i. Pátákó ojú ọ̀nà yí padà, ẹnu wa kò yí. Bẹ́ẹ̀ máìlì 5 tó kìlómítà 8.

Ibẹ̀ lowó ti ń bọ́. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gùn ní kìlómítà 127.6, bíi máìlì 79. Ká ní ₦1,000 lẹ bá awakọ̀ ṣe lórí máìlì kọ̀ọ̀kan: ₦79,000 ni ẹ jẹ ẹ́. Bó bá ka kìlómítà bíi máìlì, yóò béèrè ₦127,000. ₦48,000 ti wọlé síbi tí kò yẹ. (Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fi ṣe jìbìtì; ẹlòmíràn kò tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀.)

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ kọ “kìlómítà” sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó wà lójú aago ọkọ̀ sílẹ̀ kó tó gbéra àti nígbà tó bá dé. Bó bá ní máìlì lòun fẹ́, ẹ sọ kìlómítà di ìlọ́po márùn-ún, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ. Aago ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba sábà máa ń ka máìlì, nítorí náà ẹ wò ó kí ẹ tó di ẹrù.