‘An’ àbí ‘ọn’? Ẹ wo ètè ọmọ

Ẹ pe ìtàn àti ìbọn fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àpèkọ. Bí ó bá kọ “ìtọ̀n” àti “ìban”, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, ìró fáwẹ̀lì àránmúpè tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀. Akọtọ ló fún un ní ojú méjì. Olùkọ́ tó ń bi ọmọ pé “Ṣé bí mo ṣe pè é nìyẹn?” kò ràn án lọ́wọ́, torí bí ó ṣe pè é gan-an nìyẹn.

Kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú ni kí ẹ wò. Bí ètè bá ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ọn la ó kọ: ìbọn, ìpọ́njú, ọgbọ́n, ẹ̀fọn, ìwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ahọ́n ló ṣiṣẹ́, an ni: idán, ìtàn, ẹran, ọ̀sán, iyán, ikán, ẹ̀gàn.

Ọmọ ọdún mẹ́fà kò nílò gbogbo àlàyé yìí. Ẹ fún un ní dígí. Kí ó pe gbọ́n, yóò rí i pé ètè rẹ̀ pàdé. Kí ó pe tán, wọn kò ní kan ara wọn. Ti f, ètè ìsàlẹ̀ ló ń kan eyín òkè. Ti w, ètè méjèèjì á ṣù jọ. Lẹ́yìn èyí, kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ kàn bi í pé: “Ètè àbí ahọ́n?”

M àti n ti gbé àránmú tiwọn dání, a kì í fi n mìíràn tì wọ́n lẹ́yìn: ọmọ, omi, iná. “Omin” àti “inán” pọ̀ nínú ìwé àwọn ọmọdé.

Ọmọ lè bi yín léèrè ìdí tí báńkì fi ní a àti n lẹ́yìn b. Ẹ ní kí ó pàtẹ́wọ́ sí i: bá-ń-kì, ẹ̀ẹ̀mẹta. N yẹn dá dúró, kì í ṣe ara fáwẹ̀lì. Bí ó bá sì rí “nwọn” nínú Bíbélì ìyá àgbà, akọtọ àtijọ́ ni. Èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ti sọ ọ́ di wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà “ahọ́n” fúnra rẹ̀ ló rú òfin ètè àti ahọ́n yìí. Ètè kò ṣe nǹkan kan nínú h, síbẹ̀ ọ́n la ń kọ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kí ọmọ kọ́ ọ sórí bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a wá ìdí kankan.