Ẹja Tí Í Fi Ọjọ́ Ayé Rẹ̀ Pamọ́ Sínú Ẹrẹ̀

Ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Sìmbábúè, níbi tí ààlà ilẹ̀ náà ti fẹnu ko ti Mòsámbíìkì, igbó ọba kan wà tí í jẹ́ Gonarezhou, orúkọ tí ó tọ́ka sí erin lédè Shona, nítorí pé ibùgbé àjànàkú ni igbó náà láti ọjọ́ pípẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ń ṣèwádìí ogbó bá dárúkọ Gonarezhou, ọkàn wọn kì í lọ sọ́dọ̀ erin, ẹni ọdún gbọọrọ. Ẹja kékeré kan ni wọ́n ń rò, tí gígùn rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí í dàgbà, tí í gbéyàwó, tí í darúgbó, tí í sì í fi ayé sílẹ̀, kí àgbàdo tí a gbìn lọ́jọ́ tí ó jáde nínú ẹyin tó gbẹ lóko.

Nothobranchius furzeri ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ọ̀kan nínú ìdílé ńlá àwọn ẹja tí a ń pè ní killifish. Ní ọdún 1968 ni Richard Furzer kó o nínú adágún kan nínú igbó náà, nígbà tí ó sì di ọdún 1971, R. A. Jubb ṣàpèjúwe rẹ̀ fún aráyé, ó sì fi orúkọ ẹni tí ó kó o pè é. Akọ rẹ̀ ni ẹwà wà fún: ara rẹ̀ ń dán bí aró tí a pò mọ́ àwọ̀ ewé tútù, pupa sàmì sí etí ìpẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìrù rẹ̀ sì lè pọ́n bí osùn tàbí kí ó rí bí ìyeyè. Abo ní tirẹ̀ kò lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọ̀ eérú ni a dá a sí.

Ilé tí oòrùn ń gbà padà

Adágún tí ẹja yìí ń gbé kò ní ìsun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí odò tí ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Kòtò ni, láàrin pápá tí ó tẹ́ rẹrẹ, tí amọ̀ dúdú wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òjò ní ń yá a lómi, oòrùn ní ń sin gbèsè náà. Ní ọdún tí òjò bá lawọ́, omi ibẹ̀ lè tó oṣù mélòó kan. Ní ọdún tí òjò bá ya ahun, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni. Lọ́jọ́ tí omi náà bá sì tán, gbogbo ẹja inú rẹ̀, àtàgbà àtọmọdé, á bá a lọ, nítorí pé kò sí ọ̀nà tí wọn ó bá sá.

Nítorí náà ni kò fi sí àyè ìfàsẹ́yìn nínú ìgbé ayé wọn. Bí òjò bá ti kún kòtò náà, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹja ti ń jáde nínú ẹyin. Àwọn olùwádìí tí wọ́n ṣọ́ irú adágún bẹ́ẹ̀ ní Mòsámbíìkì ròyìn ní ọdún 2018 pé ọjọ́ 14 péré tó fún òmíràn nínú wọn láti di àgbà tí ó lè bímọ, ẹni tí gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 5 lọ nígbà tí ó kọ́kọ́ fojú kan omi. Láti ìgbà náà lọ, ojoojúmọ́ ni ìgbéyàwó: akọ a fi lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ di abo mú, a tẹ̀ ẹ́ sí ilẹ̀ adágún, ẹyin kan ṣoṣo a bọ́, àtọ̀ a kàn án, ẹrẹ̀ a sì gbà á mọ́ra. Wọn a tún un ṣe, wọn a sì tún un ṣe, títí ẹyin ọjọ́ kan yóò fi tó 20 tàbí 50. Ìyá tí ń yé wọn kì í sábà rí ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Ẹyin tí ó mọ sùúrù

Ibi tí ìkánjú òbí parí sí ni sùúrù ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Ọlẹ̀ inú ẹyin yìí ní ibùdó mẹ́ta tí ó lè dúró sí lójú ọ̀nà. Èkíní ni ìgbà tí ara kò tíì gbá jọ, tí àwọn hóró ara ṣì fọ́n káàkiri inú ẹyin. Èkejì ni ìgbà tí ẹ̀yìn àti orí ti hàn, tí ọkàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí lù. Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí gbogbo ẹ̀yà ara ti pé, tí ojú ti là rekete, tí kò ku nǹkan mìíràn bí kò ṣe omi. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ọlẹ̀ lè dákẹ́ kó má dàgbà, kó má sì kú, kí èèpo ẹyin tí ó yi máa dáàbò bò ó nínú amọ̀ tí ó ti gbẹ, fún oṣù púpọ̀, àní fún ju ọdún kan lọ.

Èyí tí ó tún jinlẹ̀ jùlọ ni pé ọmọ ìyá kan náà kì í jọ dúró ní ibùdó kan náà. Òjò ilẹ̀ gbígbẹ a máa tanni jẹ: ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó kún kòtò, kí oòrùn sì lá a gbẹ kí ẹja kankan tó bálágà. Bí gbogbo ẹyin bá jẹ́ ìpè òjò àkọ́kọ́ yẹn, ìran náà parun lọ́jọ́ kan. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi í dífá ọrọọrún. Ẹja yìí kò lọ́pẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n ó pín ọmọ rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀, kí àwọn kan jáde lónìí, kí àwọn tó kù sì máa ṣọ́ ọ̀la.

Ogbó tí ó yára

Ènìyàn lè rò pé bí a bá gbé ẹja náà kúrò lọ́wọ́ oòrùn, tí a fi í sínú omi tí kì í gbẹ, yóò pẹ́ láyé. Stefano Valdesalici àti Alessandro Cellerino kéde ní ọdún 2003 pé kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tí ó ti Gonarezhou wá, tí a ń bọ́, tí a ń tọ́jú, kò lò tó ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn mìíràn ti sìn ín títí di oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, síbẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀dá elégungun ẹ̀yìn tí a lè sìn nínú yàrá ìwádìí, òun ni ẹ̀mí rẹ̀ kúrú jùlọ. Ogbó gan-an ní ń pa á: àwọ̀ rẹ̀ a ṣá, ẹ̀yìn rẹ̀ a tẹ̀, ẹran ara rẹ̀ a fọ́, jẹjẹrẹ a yọjú. Àwọn ìbátan rẹ̀ bíi Fundulopanchax gardneri, tí ń gbé inú odò kéékèèké nílẹ̀ Nàìjíríà, a máa lò ju ọdún kan lọ.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé láti ìrandíran ni oòrùn ti ń pa ẹja náà kí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ tó dé. Àbùkù ara tí kì í farahàn àfi ní ọjọ́ alẹ́ kò wá rí ẹni tí yóò tú u nù, ó sì ń kóra jọ nínú ìdílé wọn. Nítorí èyí ni ẹja yìí fi wúlò fún ẹni tí ó ń wádìí ogbó: eku ilé-ìwádìí a gbà á lọ́dún méjì sí mẹ́ta, ti ẹja yìí parí láàrin oṣù díẹ̀. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, ọ̀kan ní Stanford ní Amẹ́ríkà, èkejì ní Jena ní Jámánì, ka gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá rẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn ará Cologne ní Jámánì kan náà gba kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ẹja ọ̀dọ́, wọ́n fi í sínú ìfun èyí tí ó ti lọ sọ́jọ́ orí, ẹ̀mí àgbà náà sì gùn sí i.

Ìwádìí tí a gbé jáde láti Stanford ní ọdún 2020 wá fi kún un pé ìdúró inú ẹyin, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, kì í gé nínú ọjọ́ tí ẹja náà yóò lò nínú omi, kì í sì í dín agbára ìbímọ rẹ̀ kù. Bí a bá sì ka ọjọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti yé e, ẹja tí a ń pè ní ẹlẹ́mìí kúkúrú ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ dàbí ọjọ́ ọdún, ẹyin rẹ̀ sì ni gbogbo ọjọ́ tó kù nínú oṣù.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, amọ̀ adágún náà a sán, a le koránkorán, erin a sì gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ojú ọ̀nà. Àlejò tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò sì wí pé ẹja kan kò gbé ibí rí.