ODI BERLIN ÀTI ODI TÍ Ó WÀ LÁÀRIN ÌMẸ̀KỌ ÀTI KÉTU

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta lò ní ìlú Berlin, olú-ìlú ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 2023. Fàájì ni a bá lọ, a sì ṣe fàájì náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni ó lọ bá mi ní ilẹ̀ òkèèrè, òun náà ni mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti lọ kí àwọn ọmọ mi: ọ̀kan jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, èkejì jẹ́ ará Ìbàdàn, ẹni tí ó jù wá lọ tí a sì ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kẹta jẹ́ ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin, ìlú Paris ni ó ń gbé. Láti kékeré ni èmi àti ará Kétu yìí ti mọ ara wa, nítorí ìyá mi a máa ná ọjà Kétu, ilé ìyá rẹ̀ ni a sì máa ń sùn sí. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ìlú Kétu kan ni Ìmẹ̀kọ jẹ́ láyé àtijọ́. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá owó ìrìn àjò náà jọ bí ẹni ń dá àjọ, yàrá méjì ni a gbà, a kò sì ná ju agbára wa lọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ọkọ̀ ojú irin wọn. Kò sí géètì ní ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀, kò sì sí aṣọ́nà. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìwọ náà ni yóò tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ kékeré kan, o ó sì wọlé. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà ni àwọn tí ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lè yọ sí ọ. Bí o kò bá ní, owó ìtanràn dé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n sọ fún wa pé, "Ẹ jẹ́ kí á máa rántí pé ọmọ ilé ire ni wá o." Gbogbo wa sì di tíkẹ́ẹ̀tì wa mú bí ẹni di ẹyin mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a lọ wo ẹnubodè ńlá Brandenburg, èyí tí wọ́n kọ́ láàrin ọdún 1788 sí 1791. Nítòsí ibẹ̀ ni a ti rí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò ní ìlà méjì sínú ọ̀dà títì. Ojú ibi tí odi Berlin gbà kọjá ni wọ́n fi òkúta náà sàmì sí, kí ẹni tí kò bá odi náà láyé lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Ará Kétu gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀tún, ó gbé èkejì sí òsì, ó ní, "Ẹ wò mí, mo wà ní ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Bóyá ó yẹ kí n sọ ìtàn odi náà díẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí. Lẹ́yìn ogun tí ó parí ní ọdún 1945, àwọn tí ó ṣẹ́gun pín ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì pín Berlin pẹ̀lú: Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé mú ìhà ìwọ̀-oòrùn, Rọ́ṣíà sì mú ìhà ìlà-oòrùn. Nígbà tí ó di pé àwọn ará ìlà-oòrùn tí ó ti sá lọ sí ìwọ̀-oòrùn lé ní 2,500,000, ìjọba wọn fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà ní òru mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1961. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi bíríkì àti kọnkéré rọ́pò wáyà. Kìlómítà 155 ni odi náà fi yí ìwọ̀-oòrùn Berlin ká. Nílẹ̀ Yorùbá, kí ọ̀tá má baà wọlé ni àwọn baba wa ṣe ń mọ odi. Odi Berlin yàtọ̀: kí onílé má baà jáde ni wọ́n ṣe mọ ọ́n.

Ní ọjọ́ kejì a lọ sí òpópónà tí wọ́n ń pè ní Bernauer Straße, níbi tí wọ́n ti fi apá kan odi náà sílẹ̀ fún ìrántí. Ní òpópónà yìí, inú ìlà-oòrùn ni àwọn ilé wà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí ó wà lẹ́nu ilé wọn, ti ìwọ̀-oòrùn ni. Ẹni tí ó bá ti yọjú ní fèrèsé, orí rẹ̀ ti wà ní ìlú kejì! Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ láti ojú fèrèsé, àwọn panápaná ìwọ̀-oòrùn a sì máa na aṣọ ńlá sílẹ̀ láti gbà wọ́n. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Ida Siekmann bẹ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1961, ó sì kú. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó kú nídìí odi náà. Ó kéré tán, 140 ènìyàn ni odi náà pa kí ó tó wó. A rí àwòrán ojú wọn níbẹ̀, àgbà àti ọmọdé. Ará Ìjẹ̀bú, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lójú ibẹ̀ nígbà náà, tí odi há mọ́ àárín. Ìjọba ìlà-oòrùn fi ẹ̀tù wó o ní ọdún 1985. Nígbà tí ó di ọdún 2000, wọ́n ti kọ́ ilé àdúrà kékeré kan sí ojú ibẹ̀, amọ̀ ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, amọ̀ tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé wa, tí wọ́n sì po àfọ́kù ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà pọ̀ mọ́ ọn. Ará Kétu fi ọwọ́ pa ògiri náà, ó ní, "Irú ògiri ilé ìyá mi nìyí." Ó wá fi kún un pé, "Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀."

Òwe yìí ni ó wà lọ́kàn mi nígbà tí a rìn dé òpópónà Wilhelmstraße ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Bismarck, olórí ìjọba Jámánì, wà láyé àtijọ́. Inú ilé náà ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 14 ti ṣe ìpàdé láti ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1884 títí di ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1885, tí wọ́n ń jíròrò lórí Áfíríkà láìpe ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo. Ilé ọ̀hún kò sí mọ́. Pátákó ìrántí ni ó wà níbẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ti kọ́ ọmọ pé ní Berlin ni wọ́n ti fi rúlà la ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Èmi náà kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Òfin ìdíje ni wọ́n ṣe ní Berlin: ẹni tí ó bá gba etíkun kan ní Áfíríkà gbọ́dọ̀ fi tó àwọn yòókù létí, kí ó sì fi àṣẹ rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ìlú Paris ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fọwọ́ sí ìwé ààlà tiwa, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889. Ìlà yẹn ni ó fi Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Ìdáìṣà sí ọ̀dọ̀ Faransé, tí ó sì fi Ìmẹ̀kọ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1976. Ṣé ògiri tiwa kò sì lanu nígbà náà? Ọdún 1886 ni àwọn ọmọ ogun Dahomey pa Kétu run. Àwọn ará ìlú wa tí ó wà lókè sì ti ń bá ara wọn ja ogun Kírìjì láti ọdún 1877. Aláǹgbá rí ihò, ó wọlé.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn oúnjẹ, mo mú ìwé ìròyìn Yorùbá kan tí mo gbé wá láti ilé jáde. Mo nà án sí ará Kétu, mo ní, "Gbà, kà á sókè fún wa." Ó gbà á, ó wò ó pẹ́, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi kà á. Faransé nìkan ni wọ́n kọ́ mi kà."

Gbogbo wa dákẹ́. Ọkùnrin tí ó mọ òwe jù wá lọ, tí ó lè ki oríkì Aláketu láti alẹ́ mọ́jú, kò lè ka èdè ìyá rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́, ẹni tí ó bá sọ Yorùbá, wọn a so àmì ìtìjú mọ́ ọn lọ́rùn títí yóò fi mú ẹlòmíràn tí ó sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní ọ̀dọ̀ tiwa náà, mélòó ni a kò gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n sọ èdè ilé wọn nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́? Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ wa ní A B D ní Yorùbá kí a tó dé ìdí Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ni ó gbà wá.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ó mú gègé, ó kọ irú Yorùbá tí ó ti rí nínú ìwé àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ fún mi. Níbi tí àwa ti ń kọ "ọṣẹ", "ɔshɛ" ni ó kọ. Níbi tí àwa ti ń kọ "ọ̀pẹ", "ɔ̀kpɛ" ni ó kọ. Àwa ní Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ọ̀nà ìkọ̀wé wa ní ọdún 1974. Ìjọba tiwọn gbé álífábẹ́ẹ̀tì èdè ilẹ̀ wọn kalẹ̀ ní ọdún 1975. Ọdún kan péré ni ó wà láàrin wọn! Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ó ṣe èyí, Faransé kọ́ sì ni. Àwọn òyìnbó ti kó ẹrù wọn lọ láti ọdún 1960, àwa fúnra wa ni a wá fi lẹ́tà mọ odi lé orí ìlà wọn.

Ọjọ́ kẹta jẹ́ ọjọ́ Àìkú. A lọ sí ọgbà kan tí wọ́n ń pè ní Mauerpark, èyí tí ó wà ní ojú ibi tí odi náà wà. Níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń fi ìbọn ṣọ́ ènìyàn rí, ọjà àlòkù ni wọ́n ń ná, àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ń lu ìlù. Ẹ̀gbọ́n ra fìlà kan níbẹ̀, wọ́n sì dúnàádúrà bí ẹni wà ní Dùgbẹ̀.

Báwo ni odi náà ṣe wó? Kì í ṣe ìbọn ni ó wó o. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1989, lẹ́yìn tí àwọn aráàlú ti ń wọ́de fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, olóyè ẹgbẹ́ kan, Günter Schabowski, sọ fún àwọn oníròyìn pé ènìyàn lè máa rìnrìn àjò lọ, láti ìsinsìnyí lọ. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n dìde, wọ́n lọ dúró lẹ́nu ibodè títí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ṣí i. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1990, ilẹ̀ Jámánì di ọ̀kan.

N kò sọ pé kí a wó ààlà Nàìjíríà àti Benin o. Orílẹ̀-èdè méjì ni wá, òfin wà, ìjọba sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba wa ti ibodè láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, fàyàwọ́ ìrẹsì ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ dá dúró. Ṣùgbọ́n àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gbà kí àwa ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà máa kọjá sọ́dọ̀ ara wa. Kò sì sí òfin kankan, níbí tàbí lọ́hùn-ún, tí ó ní kí ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ má lè ka lẹ́tà ara wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ya ẹ̀kọ́ kan péré sọ́tọ̀ nínú ọdún. Ẹ kọ "ọṣẹ" àti "ɔshɛ" sí ara pátákó, kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n. Ẹ kọ́ wọn ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 bí ẹ ti ń kọ́ wọn ní ọjọ́ òmìnira. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì yín máa kọ lẹ́tà sí kíláàsì kan ní òdì kejì. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí àwọn tí ń wá ìbò bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ má bi wọ́n léèrè títì àti iná nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: ìgbà wo ni àwọn ọmọ Yorùbá ní ilẹ̀ mẹ́ta yìí, Nàìjíríà, Benin àti Tógò, yóò ní ìwé kíkà kan náà? Ẹni tí kò bá rí èsì fún un, ẹ jẹ́ kí ó lọ rò ó wá.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí a túká, lẹ́tà kan dé láti Paris. Ọ̀rẹ́ mi ti ń kọ́ bí a ti ń kọ ọ́, ní ọ̀nà ti ilé rẹ̀. Ìlà kìíní kà báyìí pé: "Ɔ̀rɛ́ mi, mo kí ɔ." Mo kà á dé òpin láìkọsẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fún ọmọ ọmọ mi tí ó wà ní kíláàsì kẹfà. Ó wò ó, ó ní, "Bàbá àgbà, èdè wo nìyí?"