Ọ̀rọ̀ Tó Wà Nínú Káàdì Ilé-Ìwòsàn Yín



Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá tọrọ ẹ̀yáwó ìtọ́jú lójijì, tí a bi í pé kí ni dókítà wí, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Wọ́n kọ nǹkan kan sínú káàdì, a ò mọ ohun tó jẹ́." Ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó ń bá a jà, báwo ni yóò ṣe gbèjà ara rẹ̀? Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń rú ni lójú.

Ẹ̀JẸ̀ RÍRU. Àwọn kan rò pé ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ jù lára, tàbí pé onínúfùfù nìkan ló ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn wa dà bí ẹ̀rọ tó ń fa omi: òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri inú iṣan. Bí ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò sì wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Nọ́ńbà méjì ni nọ́ọ̀sì ń kọ. Ti òkè ni ipá ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn ń tì í jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni ìgbà tí ọkàn ń sinmi. 120 lórí 80 dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ti òkè ń tó 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ ń tó 90, ó ti di ohun à ń tọ́jú.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kì í sábà dun ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo oògùn fún oṣù méjì, tí wọ́n á ní, "Ara mi ti yá," tí wọ́n á sì dá a dúró. Ṣé ẹ rí i, oògùn yẹn ló mú un wálẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á tún gòkè. Ẹ má dá a dúró àfi bí dókítà bá ní kí ẹ dá a dúró. Ẹ dín iyọ̀ àti mágì ọbẹ̀ kù pẹ̀lú.

RỌPÁRỌSẸ̀. Èyí ni sítróòkù. Ẹ má kà á mọ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí a ń kán oògùn sí àwọn ọmọdé lẹ́nu nítorí rẹ̀. Kòkòrò àrùn ló ń fa ìyẹn. Sítróòkù máa ń wáyé bí ẹ̀jẹ̀ kò bá rọ́nà dé apá kan ọpọlọ, tàbí bí iṣan bá bẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ló wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kì í ràn, kì í sì í ṣe àsasí. Bí ẹnu ènìyàn bá wọ́ lójijì, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má sì fún un ní ohunkóhun mu.

BLOOD GROUP ÀTI GENOTYPE. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Blood group ni A, B, AB tàbí O. Òun ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Genotype ni AA, AS, AC, SS tàbí SC. Òun ni àwọn tó fẹ́ fẹ́ra gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ọmọ yín bá ní, "O positive ni mí," kò tíì dáhùn ìbéèrè genotype o.

AS kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS, èyí tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. AS àti AC náà lè bí SC. Àwọn kan a máa ní bí ọmọ àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Irọ́ ni! Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lákọ̀tun. Ní 1910 ni dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ ìwé nípa aláìsàn kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ṣùgbọ́n àrùn náà ti wà lọ́dọ̀ wa tipẹ́tipẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní àbíkú jẹ́ ọmọ SS.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ọkàn wọn tó fà mọ́ra, kì í ṣe nígbà tí a ti ra aṣọ ẹbí. Bí èsì ibì kan bá rú yín lójú, ẹ tún un ṣe níbòmíràn.

Ẹ má tijú láti bi nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lèyí túmọ̀ sí?" Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wà fún ọjọ́ ìṣòro lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú wa á dùn jù bí ẹ bá fi ra ọjà, tí ẹ sì fi kọ́lé.